Ta ló ń gbọ́ èsì ọmọ tí kọ̀ǹpútà rán níṣẹ́? Ìtàn àṣẹ 'wait'

Lọ́dún 1969, ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell Labs ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix lórí kọ̀ǹpútà PDP-7. Ètò kan nínú rẹ̀ ni shell, tó ń gba àṣẹ tí èèyàn bá tẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, shell kì í fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ṣe ló máa ń bí ọmọ, tí á sì rán an níṣẹ́.

Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ọmọ ti ṣe tán? Ọgbọ́n tí wọ́n kọ́kọ́ dá pani lẹ́rìn-ín. Shell á fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí ọmọ náà kò ní kà ránṣẹ́ sí i, á wá dúró. Ìgbà tí èsì bá dé pé ẹni tó kọ ọ́ sí kò sí mọ́, ló tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tó yá, 'wait' rọ́pò ọgbọ́n yìí.

Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi àmì '&' sí ẹ̀yìn àṣẹ, shell kò ní dúró rárá. Iṣẹ́ á máa lọ lábẹ́lẹ̀, onítọ̀hún á sì máa bá nǹkan mìíràn lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọmọ tó bá parí iṣẹ́ máa ń fi nọ́ńbà sílẹ̀: 0 túmọ̀ sí pé ó yọrí, òmíràn túmọ̀ sí pé ó kùnà. Bí òbí kò bá wá gbà á, orúkọ ọmọ kò ní kúrò nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà. Zombie ni wọ́n ń pè é: ó ti kú, wọn ò tíì sin ín. Bí òbí ló bá kọ́kọ́ kú, init, ètò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1, ló sábà máa ń gba ọmọ òrukàn náà. Irú init bẹ́ẹ̀ wà nínú fóònù Android tí àwọn èèyàn ń lò láti Èkó dé Accra.

Ká ní iléeṣẹ́ kan ń ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sí ibi mẹ́ta lóru, lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 'wait' lásán, 0 ló máa dáhùn, kódà bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kùnà. Ó lè di ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bàjẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀dà kan kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí shell máa ń fi sínú '$!', kó sì béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún 2014 ni bash 4.3 tó mú 'wait -n' dé, èyí tó ń jẹ́ iṣẹ́ ọmọ tó bá kọ́kọ́ parí, láì dúró de àwọn yòókù.