"Take": ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan létí ọmọ Ìjọra

"Take" wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ń kọ́, ó sì wà lára àwọn tí àgbàlagbà ń ṣì lò títí dòní. Olùkọ́ á ní "mú" ni ìtumọ̀ rẹ̀, kíláàsì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó parí. Kò parí. Ní Ìjọra l'Ékòó, lójú ọ̀nà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, "take" mẹ́ta lọmọ kan ń gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú: ti inú ìwé, ti Gẹ̀ẹ́sì àwa ará Nàìjíríà, àti ti Píjìn.

Iná ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, torí Ìjọra ò ṣàjèjì sí i: ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tó ti pèsè iná mànàmáná fún Èkó rí wà níbẹ̀, létí ọ̀sà. Tí ilé bá ṣókùnkùn lójijì, "Wọ́n ti mú iná lọ" là ń sọ, a ó sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì: "They have taken light." NEPA, ilé-iṣẹ́ mànàmáná ìjọba tí orúkọ rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu wa, dé ní 1972, ó di PHCN ní 2005, wọ́n pín in sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún aládàáni ní 2013. Síbẹ̀, NEPA náà ló ṣì ń mú iná lọ, òun náà ló ń mú un wá. Ará Lọ́ńdọ̀nù ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu tiwọn, iná fúnra rẹ̀ ló lọ, kò sẹ́ni tó mú un. Tiwa ló wù mí jù. Ẹni tó mú nǹkan lọ ṣeé bi léèrè.

"Take" fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí ilé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Viking tó wọkọ̀ ojú omi wá láti Scandinavia, tí wọ́n tẹ̀dó sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ló gbé "taka" dé. "Niman" làwọn onílé ń lò. Àlejò lé onílé jáde, "niman" di ìgbàgbé, ó ku "numb" sẹ́nu wọn bí èérún, ìyẹn ara tí nǹkan ti mú títí tí kò mọ ìrora mọ́. Ẹni tó ń sọ pé òtútù ń mú òun nínú òjò oṣù kẹje mọ ohun tí mò ń wí.

Wàhálà "took" àti "taken" bá a rìn wá. "Mú" tiwa kì í yí padà: mo mú, mo ti mú, mo máa mú. Nítorí náà ni "I have took" ṣe ń jáde lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe òmùgọ̀ rárá. Ó ti lo "have" bí ẹni lo "ti", ó rò pé ó tó.

Ibi tí "mú" ti ń já akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ gan-an ni ibi tí "take" bá ti rí ẹnìkejì. "Take medicine": oògùn là ń lò. "Take a photograph": fọ́tò là ń yà. "Take an exam": ìdánwò là ń ṣe. Ọkọ̀ òfuurufú "take off", ó gbéra. O "take off" ẹ̀wù, o bọ́ ọ. Ẹni tó "take" bọ́ọ̀sì ní ibùdókọ̀ Ìjọra Seven-Up wọ ọkọ̀ ni. Tó bá lọ mú ọkọ̀ náà nígbà tí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun, ọlọ́pàá ló máa mú òun náà. Gẹ̀ẹ́sì náà ò sì ní sùúrù tiwa. A mú abẹ́rẹ́, a gbé àpótí, a kó ẹ̀pà, a gba owó. "Take" kan ṣoṣo lè ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ó kéré tán, láti 1843 tí Samuel Ajayi Crowther ti gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde la ti ń fi ọ̀rọ̀ èdè méjèèjì kojú ara wọn lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìwé tó bá kọ "mú" síwájú "take", tó dúró síbẹ̀, ti tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Níbi ọ̀fọ̀, wọ́n pàdé dáadáa: "take heart", ẹ mọ́kàn le, ìyẹn ẹ mú ọkàn le.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì tiwa, tí a bá ní "she has taken in", obìnrin náà ti fẹ́ra kù nìyẹn. Sọ ọ́ fún Òyìnbó, á máa rò ó pé kí ló gbà wọlé, àlejò ni àbí ẹ̀kọ́? Ká gba èèyàn sílé, ká lóye ọ̀rọ̀, ká dín aṣọ kù, ká tan èèyàn jẹ, "take in" ni gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Oyún nìkan ni kò sí níbẹ̀. Èkejì rẹ̀, "put to bed", tí a fi ń sọ pé obìnrin bímọ, ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ní oṣù kìíní ọdún 2020.

Ní Ajégúnlẹ̀, "take" di nǹkan míì pátápátá. Ìlàjẹ, Ijaw, Urhobo, Ígbò, Hausa àti àwọn Yorùbá yòókù ló ń gbé àdúgbò náà, Píjìn ni wọ́n fi ń gbọ́ra wọn yé, òun náà ni olórin Daddy Showkey fi kọ orin galala tó gbòde ní àwọn ọdún 1990. "Take" inú Píjìn yìí kì í sábà jẹ́ mú. "Fi" ni. "I take knife cut yam": mo fi ọ̀bẹ gé iṣu. "Na leg I take come": ẹsẹ̀ ni mo fi wá. "I take my eye see am": mo fi ojú mi rí i. "No take me play": má fi mí ṣeré. Ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, "take" ò kúrò ní ipò "fi". Ó tún ń ṣe iṣẹ́ "ṣe" mọ́ ọn: "How you take know?", báwo lo ṣe mọ̀?

Mi ò ní sọ pé Yorùbá nìkan ló kọ́ Píjìn ní èyí. Ígbò ń lo "ji" bẹ́ẹ̀, Akan ń lo "de", Ewe ní Gánà àti Tógò ń lo "tsɔ", tó jẹ́ pé mú gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ká kọ́kọ́ dárúkọ ohun èlò, ká tó dárúkọ iṣẹ́: bí ọ̀pọ̀ èdè etíkun yìí ṣe ń to ọ̀rọ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi iṣẹ́ ṣíwájú.

Abájọ tí "He take stick beat the goat" fi ń yọjú nínú àròkọ ọmọ ilé-ìwé. Olùkọ́ á fi bírò pupa fagi lé "take", á kọ "took" sórí rẹ̀, ọmọ á dà á kọ: "He took stick beat the goat." Kò tíì tọ́. "Take" yẹn kò nílò àtúnṣe, kó kúrò níbẹ̀ ni: "He beat the goat with a stick." "Fi" tí ọmọ náà ní lọ́kàn ti di "with", ó ti lọ dúró lẹ́yìn ewúrẹ́.