ỌMỌ ÒṢÓMÀÁLÓ TÍ Ó FI ORIN KIRI AYÉ: ÌTÀN I. K. DAIRO

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa ròyìn àwọn ọmọ ìlú tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn gbé orúkọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn baba wa kò dé. Lọ́dún yìí, ó kan olórin jùjú, Isaiah Kẹ́hìndé Dairo. Kì í ṣe kí a lè yin òkú nìkan ni a fi yàn án. A fẹ́ kí ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi bá wa ro bí orin ti ń jáde lẹ́nu ènìyàn, àti ohun tí ó ń ná ẹni tí ń kọ ọ́. Bí a kò bá mọ èyí, a ó kàn máa jó sí orin tí a kò mọ iye tí a rà á.

Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni ilé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀fà ni a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1930. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tí baba rẹ̀ ṣe ìlù kan fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n owó kò tó, ìwé kíkà sì dúró lójú ọ̀nà. Ó padà wá sí ìlú wa, ó di onígbàjámọ̀, ó sì mú ìlù náà lọ́wọ́ wá. Bí kò bá sí orí tí yóò fá, ìdí àwọn tí ń lu jùjú ni a ó ti bá a, tí ó ń tẹ́tí, tí ó sì ń fi ọwọ́ dán an wò. Ní 1942 ó wọ ẹgbẹ́ Taiwo Igese, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà tú ká lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ní 1946 ó gba Ẹdẹ lọ, ó ń kiri aṣọ. Ta ni nínú wa tí kò mọ iṣẹ́ yìí? Iṣẹ́ òṣómàáló ni, tí a fi mọ Ìjẹ̀ṣà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: a ó ru aṣọ, a ó tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá sì pé, a ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Bí Dairo ti ń kiri aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń bá àwọn olórin ìlú náà ṣeré. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ kò sí nílé, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbi ayẹyẹ kan. Ọ̀gá dé kí a tó retí rẹ̀, ó bínú, ó sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

A kò sọ èyí láti bú ọ̀gá náà. Bí gbogbo wa ti rí nígbà náà nìyẹn. Alágbe ni àwọn òbí wa ń pe onílù, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọmọ òun máa ti ara ìlù jẹun. Dairo ṣe iṣẹ́ làálàá lóríṣiríṣi, ó kó owó díẹ̀ jọ, ó dé Ìbàdàn, ó bá Daniel Ojoge ṣeré lóru fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó padà sílé.

Kí ọdún 1960 tó dé, ó ti dá ẹgbẹ́ ti ara rẹ̀ sílẹ̀, ènìyàn 10, ó pè é ní Morning Star Orchestra. Ní ọdún òmìnira náà, wọ́n ṣeré níbi àríyá agbẹjọ́rò kan ní Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn ńláńlá tí ó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ, láti ọjọ́ náà ni a sì ti ń pè é kiri. Ó yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Blue Spots, wọ́n sì borí nínú ìdíje jùjú tí a ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1963, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá. Ọmọ tí a lé nítorí ìlù ni ìlù gbé dé iwájú ọba.

Bí Orin Rẹ̀ Ti Ń Jáde

Ibo ni ó ti ń rí orin? Lójú tiwa, ojú ọ̀nà náà ni. Òṣómàáló kò lè tajà fún ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Dairo sì kọrin ní ẹ̀ka èdè Yorùbá lóríṣiríṣi, ti Ìjẹ̀ṣà wa pẹ̀lú, kò sì fi mọ sí Yorùbá nìkan. Ó mú ohùn orin àwọn Aládúrà, níbi tí ẹnìkan ń dá tí àwọn yòókù ń gbè, ó fi í sínú jùjú. Ó fi gángan àti àwọn ìlù wa mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ gìtá, ó sì mú àkọ́dìọ̀nù wọlé, dùùrù tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì fẹ̀ tí a sì ń fún pọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ “Salome” yóò mọ ohun tí a ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo iṣẹ́ jùjú fúnra rẹ̀. Àríyá a máa bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ a sì mọ́ bá a. Olórin gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ń wọlé bọ̀, orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀ àti ọmọ ẹni tí í ṣe. Gángan yóò pè é, àwọn elégbè yóò dáhùn, onínàáwó yóò sì dìde wá lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Níbẹ̀ ni olórin ti ń mọ ọ̀rọ̀ tí ń gbé ẹsẹ̀ ènìyàn nílẹ̀ àti èyí tí ń bọ́ sílẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Ohun tí a fi òru kan sọ níta ni a ó fún mọ́ra bí ẹrù òṣómàáló, tí a ó yọ ìsọkúsọ kúrò, tí òwe àti ohùn dídùn nìkan yóò kù.

Ẹ má sì ṣe gbàgbé pé ọjọ́ ìsinmi tiwa ni ọjọ́ iṣẹ́ olórin. Nígbà tí a bá ń ṣe ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ìwúyè, òun kò sí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tirẹ̀. Orí ọkọ̀ ni ó wà lóru, pẹ̀lú ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ìgbẹ̀yìn Rẹ̀

Ní 1969, òun àti Haruna Ishola, ọba àpàlà, dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù STAR sílẹ̀, kí olórin lè ní ọwọ́ nínú èrè iṣẹ́ ara rẹ̀. Ní àkókò kan náà, Ebenezer Obey àti Sunny Adé ń dìde, ìjó sì ń tẹ̀lé wọn. Dairo kò bínú kúrò nídìí orin. Láti 1994 sí 1995 ó wà ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle, lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ orin. Ẹni tí owó ilé-ìwé kékeré kò jẹ́ kí ó kàwé ni yunifásítì Amẹ́ríkà ń kọ́gbọ́n lẹ́nu rẹ̀! Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1996 ni ó papòdà.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, kí ni èyí kàn wá? Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú àpótí àwọn ìyá wa, eruku ń bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ èdè Ìjẹ̀ṣà tí ó fi kọrin mọ́. Orin tí a kò tọ́jú, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ, ó bá a lọ nìyẹn. A bẹ̀ yín, ẹni tí ó ní àwo kí ó pa á mọ́, kí ó sì gbà á sórí ẹ̀rọ tuntun. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ kan nínú ilé yín bá sì ń lu tábìlì bí ìlù, ẹ má ṣe yára nà án. Ẹ kọ́ ọ ní ìwé, ẹ sì ṣe ìlù fún un, gẹ́gẹ́ bí baba Dairo ti ṣe.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa máa gòkè sí i. Àmín.