Beethoven àti Ikú Akọni Méjì

Bí eré orí ìtàgé bá fẹ́ parí sí ikú, òṣèré ló máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tó jẹ́ gòjé òyìnbó, fèrè àti ìlù lásán, báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ tó máa yé wa? Ludwig van Beethoven, ọmọ Jámánì tó fi Vienna ṣe ibùgbé, dáhùn ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta. Ìdáhùn méjèèjì ò sì jọra rárá.

Èkíní ni Coriolan, tó kọ lọ́dún 1807 nítorí eré Heinrich von Collin. Ọ̀gágun Róòmù ni Coriolanus. Àwọn ará ìlú rẹ̀ lé e jáde, ló bá fi ìbínú lọ bá àwọn ọ̀tá, ó sì kó ogun wá ká ìlú ara rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ ló jáde wá bẹ̀ ẹ́. Kò lè pa ìlú ìyá rẹ̀ run mọ́, kò sì mọ ojú tí yóò fi wo àwọn tó gbà á. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Nínú eré Shakespeare, àwọn ọ̀tá ló pa á. Nínú ti Collin, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi para rẹ̀.

Ẹ wá fetí sí orin náà. Ìbínú ló fi bẹ̀rẹ̀: ohùn líle, ìdákẹ́, ohùn líle. Lẹ́yìn náà ni ohùn tútù kan wọlé bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó yá, ìbínú yẹn ò lágbára mọ́, ó ń falẹ̀, ó ń falẹ̀, títí àwọn onígòjé fi wá ń fi ìka ta okùn jẹ́jẹ́. Ó parí nìyẹn. Kò sí ariwo kankan.

Lọ́dún 1809, Napoleon kógun wọ Vienna. Bí àgbá ti ń dún, Beethoven sá sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ nílé àbúrò rẹ̀, ó fi ìrọ̀rí bo etí rẹ̀ tó ti ń di. Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé eré ọba ní kó kọ orin fún Egmont, eré Goethe. Ọdún 1810 ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Egmont jẹ́ ìjòyè ní Netherlands nígbà tí ọba Sípéènì ń jọba lé wọn lórí. Ní June 5, 1568, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní gbangba ìlú Brussels.

Goethe fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú eré náà pé bí Egmont bá ń lọ síbi ikú, orin ìṣẹ́gun ni kí wọ́n fi sìn ín. Beethoven ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún fi orin ìṣẹ́gun kan náà parí orin tó ṣí eré. Orin á máa wúwo lọ, á dédé já. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ibẹ̀ ni idà ti bọ́ sọ́rùn. Ìdákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á bú sáyọ̀.

Lójú tèmi, ẹni tí akọni kú fún ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Coriolanus gbógun ti àwọn èèyàn rẹ̀. Orin rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀. Egmont kú nítorí tiwọn. Nígbà tí àwọn ará Hungary dìde sí ìjọba tí Rọ́ṣíà gbé lé wọn lórí lọ́dún 1956, orin Egmont yìí ni rédíò wọn ń gbé sáfẹ́fẹ́. Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú, tó sì yé gbogbo ìlú.