Orúkọ Mẹ́ta Tí À Ń Jẹ́: Èrìjìyàn, Èkìtì àti Yorùbá

 Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nílẹ̀ láàárín wa, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé ní òkè òkun: bí a bá ní kí á kọ ẹ̀yà wa sínú ìwé, kí ni kí á kọ? Àwọn kan ní Yorùbá ni kí á kọ, kí ọ̀rọ̀ parí. Àwọn mìíràn ní Èkìtì ni wá kí ẹnikẹ́ni tó fi Yorùbá pè wá, wọn a sì fi ogun Kírìjì ṣe ẹ̀rí. Àríyànjiyàn yìí a máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ nígbà mìíràn, nítorí bí ìbò bá ti ń súnmọ́ ni àwọn olóṣèlú máa ń fi orúkọ wọ̀nyí pè wá, olúkúlùkù a sì pe èyí tí yóò ṣe òun láǹfààní. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí á gbé ìtàn náà kalẹ̀ bí ó ti rí, kí á má fi apá tí kò dùn ún gbọ́ nínú rẹ̀ pamọ́. Èrò tiwa ni pé orúkọ mẹ́ta ni à ń jẹ́, àti pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò rí ohun tí ó bí i.

Láyé àwọn baba ńlá wa, ìlú ni ènìyàn fi ń mọ ara rẹ̀. Ará Èrìjìyàn, ará Èrìjìyàn ni. Ará Àrámọ̀kọ jẹ́ ti Alárá, ará Ìjerò jẹ́ ti Ajerò, ará Ẹ̀fọ̀n sì jẹ́ ti Aláayè. Òkè ni ó yí gbogbo wa ká, títí dé Ìkọ́gọ̀sì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé ara wọn. Àwọn àgbà sì ti sọ pé láti inú òkìtì ni a ti mú orúkọ Èkìtì jáde. Kò sí ọba kan ṣoṣo tí ó jẹ lórí gbogbo ilẹ̀ yìí. Ọba mẹ́rìndínlógún ni a máa ń kà, olúkúlùkù pẹ̀lú adé rẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orírun, ṣùgbọ́n pé a ti ilé baba kan jáde kò ní kí ìjà má wà. Ìlú Èkìtì a máa gbógun ti ìlú Èkìtì, wọn a sì máa kó ara wọn lẹ́rú. Ẹ jẹ́ kí á gbà bẹ́ẹ̀.

Agbára Ìbàdàn ni ó sọ wá di ọ̀kan. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, tí Ìbàdàn sì ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní ọdún 1840, ọmọ ogun wọn kọjú sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìlú tí kò tíì mọ ẹrù wọn lọ́rùn kò pọ̀ mọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ìlú. Àjẹ́lẹ̀ a gba ìṣákọ́lẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Ìbàdàn, a gba ti ara rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì wọ ilé onílé kí wọ́n kó ewúrẹ́ àti adìẹ láìbéèrè. Ìwà tí wọ́n ń hù sí aya ọlọ́kọ ni ó burú jù. Ní ọdún 1878, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìmẹ̀sí-Igbódò, èyí tí à ń pè ní Òkè-Ìmẹ̀sí lónìí, Fábùnmi ni orúkọ rẹ̀, kò lè gbà á mọ́. Ó pa àjẹ́lẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ yí ká. Ìlú lẹ́yìn ìlú ṣe bí ó ti ṣe. Òkè-Ìmẹ̀sí kò jìnnà sí wa. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n kó wa sí ní ayé tiwa yìí. Ẹnu ọ̀nà wa ni ogun náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Èkìtìparapọ̀ dé. Ẹ kíyè sí orúkọ náà: Èkìtì tí ó para pọ̀, èyí tí ó fi hàn pé wọn kò tíì para pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìjẹ̀ṣà wà nínú rẹ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ni ó sì di olórí ogun. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ogun àti oko ẹrú ti gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n sì ti padà wá di oníṣòwò, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ tiwọn sílẹ̀. Philip José Meffre tí ó ti Brazil dé wà nínú wọn, Frederick Kumokun Haastrup tí ó wá jẹ Ọwá Iléṣà ní ọdún 1896 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ni ó ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun, ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn, tí ìró rẹ̀ láàárín òkè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. A sọ èyí kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi lè mọ̀ pé kì í ṣe òní ni ọmọ tí ó wà lájò ti ń fi owó ran ilé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ogun Èkìtì àti Yorùbá ni Kírìjì, kò rò ó dé ìsàlẹ̀. Ọ̀yọ́ ni àwọn baba wa ń pe ọ̀tá wọn. Ta ni ó sì wà lẹ́yìn wa? Ìlọrin ni, ìlú tí Fúlàní ń jọba lé lórí. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ńkọ́? Wọ́n dí ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn kí ó má baà rí ìbọn àti ẹ̀tù rà. Àwọn tí à ń pè ní Yorùbá lónìí ni ó wà ní ìhà kìíní àti ní ìhà kejì, kò sì sí ẹni tí ó ń jà fún ẹ̀yà. Òmìnira ni tiwa, ìjọba lórí ẹlòmíràn ni ti Ìbàdàn, ọjà àti ọ̀nà ni ti àwọn ará etí òkun.

Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní ọdún 1885, kò rí òpin ohun tí ó dáwọ́ lé. Ní ọdún 1886, àlùfáà méjì gbé iṣẹ́ gómìnà Èkó lọ sí ojú ogun: Charles Phillips lọ sí ibùdó Èkìtìparapọ̀, Samuel Johnson lọ sí ti Ìbàdàn. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní oṣù kẹfà, a sì kéde àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án. Ìwé náà dá òmìnira Èkìtìparapọ̀ mọ̀, ó sì ní kí Aláàfin àti Ọwá padà sí ipò ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Àwa gbà pé gbólóhùn yìí wúwo. Ẹni tí kì í bá ṣe ìbátan ara wọn kò lè padà di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹrú kò sì lè jẹ́ àbúrò olúwa rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn nínú àdéhùn kan náà, ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú wọn ni kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ibodè tí a fi ìwé pa kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà tí ń dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀.

Ibo wá ni Yorùbá ti wọlé? Àwọn Haúsá ni ó ń fi orúkọ náà pe Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ wa tí a kó lọ sí oko ẹrú kò mọ̀ ọ́n sí tiwọn: ní Sàró, Àkú ni a ń pè wọ́n nítorí bí wọ́n ti ń kí ènìyàn, ní Brazil, Nagô, ní Cuba, Lucumí. Ibẹ̀, nínú ìgbèkùn, ni Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti kọ́kọ́ rí i pé àwọn gbọ́ ohùn ara wọn ju bí wọ́n ti gbọ́ ti àwọn yòókù lọ. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí a tú sílẹ̀ ní Sàró, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1843, Bíbélì sì parí ní ọdún 1884, nígbà tí ìbọn ṣì ń dún ní Kírìjì. Bí àlùfáà àti tíṣà ti ń dé ìlú wa ni wọ́n ń gbé ìwé náà dé. Ọmọ tí ń pe ilé ní ulé ní ìdí ààrò ìyá rẹ̀ kọ́ láti kọ ọ́ ní ilé ní ilé ẹ̀kọ́; ẹni tí ó bá gbàgbé, tíṣà a nà án. Nínú wa ni àwọn tí ó jẹ irú ẹgba bẹ́ẹ̀ wà. Síbẹ̀, ìwé yẹn kan náà ni ará Èrìjìyàn fi ń kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Johnson tìkára rẹ̀, tí a tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, Ọ̀yọ́ ni ó ń pè ní Yorùbá gan-an. Àwa wà ní ẹ̀bá ìtàn náà.

Nígbà tí ìṣèlú dé, ó rí orúkọ náà nílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, wọ́n sì ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1948. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú orúkọ náà: wọn kò pè é ní ti Yorùbá. Ẹni tí ó bá Ọ̀yọ́ jà lè kọ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí adé Èkìtì tí yóò kọ Odùduwà. Ní ọdún 1951 Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ jáde ní Ọ̀wọ̀, ó sì ta gbòǹgbò ní Èkìtì. Ìbàdàn àti Iléṣà fún Àkùkọ láyè gan-an, nítorí ìjà ìlú pẹ̀lú ìlú kò kú pẹ̀lú àjẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Bí a bá béèrè ohun tí ó sọ ará Èkìtì di Yorùbá tọkàntọkàn, àwa yóò ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ni, ju ọ̀rọ̀ sísọ lórí pèpéle lọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo kò dáàbò bo ilé. Ní ọdún 1962 ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá. Ìdìbò ọdún 1965 sì sọ Ìwọ̀-Oòrùn di iná. Ọmọ Odùduwà ni ó ń da epo bẹntiróò sí ọmọ Odùduwà lára. Ní ọdún 1966 tí àwọn ológun gba ìjọba, ọmọ Adó-Èkìtì ni wọ́n fi ṣe gómìnà, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún náà, wọ́n wá mú àlejò rẹ̀, Ironsi, tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò, ní Ìbàdàn. Fájuyì kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n pa wọ́n pọ̀.

A dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, Èkìtì sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1983 tọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ dáadáa. Olóyè Akin Ọmọ́bọ́ríowó, ọmọ Ìjerò, ìtòsí wa níhìn-ín, ni igbákejì Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin tí í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀. Àwọn kan ń sọ pé Èkìtì pọ̀, kò sì tíì jẹ gómìnà. Ọmọ́bọ́ríowó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ó sì díje lábẹ́ ẹgbẹ́ NPN. Nígbà tí wọ́n kéde pé òun ni ó wọlé, ìpínlẹ̀ náà gbiná. Wọ́n sun ilé, wọ́n sì pa ènìyàn. Kì í ṣe Ọ̀wọ̀ àti Oǹdó nìkan ni ó bínú. Ọ̀pọ̀ Èkìtì bínú pẹ̀lú, wọ́n ní ìbò àwọn ni wọ́n jí. Ilé ẹjọ́ fagi lé ìkéde náà, ó sì dá Ajáṣin padà sípò. Àwa kò ní yin iná tí a fi sun ilé. Ẹni tí ó jóná nínú rẹ̀ kì í ṣe olóṣèlú nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà níbẹ̀ pé ará Èkìtì kì í tẹ̀lé ẹni nítorí pé ọmọ Èkìtì ni nìkan.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 16, bí ẹni pé ẹni tí ó pín in rántí àwọn ọba. Àlá tí àwọn baba wa fi ìbọn lé kiri wá di ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ náà kò gba gbogbo Èkìtì. Àkúrẹ́, tí Déjì rẹ̀ ti bá àwọn ọba Èkìtì jókòó rí, di olú-ìlú Oǹdó. Ọ̀tùn tìkára rẹ̀, ìlú Ọọ̀rẹ̀, ni àwọn Òyìnbó kó mọ́ Ìlọrin tẹ́lẹ̀, ọdún 1936 ni a tó dá a padà. Òsì àti Ọ̀bọ̀ kò bá a padà. Wọ́n wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara títí di òní, kò jìnnà sí Ọ̀tùn. Èkìtì ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ohùn wọn sì sún mọ́ tiwa, ṣùgbọ́n Ìlọrin, tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú wa ní Kírìjì, ni wọ́n ń lọ nígbà tí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìjọba sọ.