Ìdàrọ́, eérú àti sìmẹ́ǹtì

Ọ̀rọ̀ ìtàn la tún gbé dé, ṣùgbọ́n inú kòtò omi ni tòní ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Adakplamè mọ̀ pé omi kì í ṣe ohun àfiṣeré lórí ilẹ̀ òkè Kétu. Kànga jìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń gbẹ́ sítẹ́ẹ̀nì, tí wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀, kí omi òjò tó ń ṣàn lórí páànù lè wọ ibẹ̀. Èmi náà gbẹ́ tèmi. Kò pé ọdún méjì tó fi sán, omi tí a fi pamọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀ sì bá ilẹ̀ lọ. Nígbà tí mo bi máṣọ̀n tó ṣe é, ó ní eérú ni òun pò mọ́ ọn kí sìmẹ́ǹtì lè tó, torí òun gbọ́ pé àwọn òyìnbó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú bí mi gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí ìwé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ìdajì òótọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn baba wa. Kí irin òyìnbó tó dé, ìléru ni wọ́n fi ń yọ́ òkúta irin. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy kọ ohun tó rí ní ìléru Ọlá-Igbì, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Bassar ní Tógò, òkìtì ohun tí ìléru dà nù ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ohun náà ni à ń pè ní ìdàrọ́, ìgbẹ́ irin, tí ẹ máa ń rí ní ojúbọ Ògún.

Àwọn òyìnbó náà ní òkìtì tiwọn lẹ́yìn ìléru ńláńlá wọn, wọn kò sì mọ ohun tí wọn ó fi ṣe. Ní 1862, ní Jámánì, Emil Langen ṣàkíyèsí pé bí ìdàrọ́ bá ṣì ń yọ́ bí omi, tí a dà á sínú omi tútù lẹ́ẹ̀kan náà, yóò di wẹ́wẹ́ bí yanrìn, inú rẹ̀ á sì dà bíi gíláàsì. Tí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, tí a pò ó mọ́ ẹfun jíjó àti omi, ó ń le bíi sìmẹ́ǹtì. Bí ìdọ̀tí ìléru ṣe di ọjà nìyẹn.

Èrò náà ti wà tipẹ́ ṣáájú Langen. Àwọn ará Róòmù a máa pò eérú òkè oníná, tí wọ́n ń wà nítòsí Pozzuoli, mọ́ ẹfun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Faransé náà, pouzzolane, ti wá. Òrùlé Pantheon tí wọ́n fi irú kọnkéré bẹ́ẹ̀ ṣe ti lé ní 1,800 ọdún, ó ṣì dúró. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ ilé ní Faransé ti gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ Vicat tí a fi ń mọ ìgbà tí sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Louis Vicat fúnra rẹ̀, tí wọ́n gbé iṣẹ́ afárá Souillac fún ní 1812, ló fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1818 pé amọ̀ tí a sun pọ̀ mọ́ ẹfun ló ń mú kí ó le lábẹ́ omi. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Aspdin gba ìwé àṣẹ sìmẹ́ǹtì Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Vicat kò gba ìwé àṣẹ kankan lórí tirẹ̀. (Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.) Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìsédò Hungry Horse láàárín 1948 sí 1953, eérú tí àwọn ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ń kó lójú èéfín èédú ni wọ́n fi dín sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kù.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Bí omi bá kan sìmẹ́ǹtì, ohun tó ń so yanrìn pọ̀ á jáde, ẹfun kan á sì ṣẹ́ kù tí kò wúlò púpọ̀, tí omi lè máa fọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Eérú tó dára máa ń gbá ẹfun yẹn mú, yóò sọ òun náà di ohun tó ń so nǹkan pọ̀. Ihò tóótòòtó inú kọnkéré á dí, omi kò ní tètè rí ọ̀nà gbà. Ṣùgbọ́n kì í yára. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó lè rọ̀ ju ti sìmẹ́ǹtì lásán lọ. Lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta ló máa ń bá a, tó sì lè kọjá rẹ̀, bí a bá ń bu omi rin ín dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀.

Máṣọ̀n mi kò bu omi rin ohunkóhun. Eérú ààrò ló sì bù. Ẹ bi àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú: wọ́n mọ ohun tó wà nínú eérú igi, òun ni wọ́n ń sẹ́. Ohun tó ń ho ọṣẹ kọ́ ló ń mú kọnkéré le. Ẹ̀ẹ́dú tí kò jó tán nínú rẹ̀ tún ń fa omi, máṣọ̀n á máa da omi sí i, agbára á sì máa dín. Ìdàrọ́ àwọn baba wa náà kò lè rọ́pò sìmẹ́ǹtì: irin ló pọ̀ nínú rẹ̀, ẹfun kò tó, jẹ́jẹ́ ló sì tutù nílẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má lọ máa lọ òkìtì àwọn àgbà.

Ohun tí máṣọ̀n náà kò mọ̀ ni pé àdàpọ̀ ti wà nínú àpò tó rà. Ẹ wo ara àpò sìmẹ́ǹtì yín. CPJ tí a kọ síbẹ̀ kì í ṣe sìmẹ́ǹtì Portland lásán. Ohun mìíràn lè wọ inú rẹ̀ títí dé 35 nínú 100. CEM II náà rí bẹ́ẹ̀: lẹ́tà L dúró fún òkúta ẹfun, S fún ìdàrọ́ ìléru ńlá, V fún eérú èédú. Ẹni tó bá tún bu eérú lé e ń dín ohun tí wọ́n ti dín tẹ́lẹ̀ kù, láìwọ̀n ọ́n.

Ilé iṣẹ́ Onigbolo, ní agbègbè Pobè, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, kò jìnnà sí wa. Ti Ewékorò lápá ọ̀hún ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun níbẹ̀, ní ooru tó tó ìwọ̀n 1,450. Tọ́ọ̀nù kan ohun tí wọ́n bá sun bẹ́ẹ̀ ń tú nǹkan bí 800 kílò èéfín kábọ́nì sójú ọ̀run, ó sì lé ní ìdajì rẹ̀ tó ń ti inú òkúta fúnra rẹ̀ jáde. Nítorí náà ni gbogbo ayé ṣe ń wá ohun tí wọn ó fi dín in kù.

A kò ní ìléru irin ńlá ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni ìdàrọ́ ti gbọ́dọ̀ wá. Kí ló wà nílẹ̀? Èèpo ìrẹsì wà: tí a bá sun ún láàárín ìwọ̀n 500 sí 700, tí a lọ eérú rẹ̀ kúnná, ó dára gan-an, tí iná bá le jù, ó bàjẹ́. Èésan wà, òkìtì òkìtì, ní Pobè tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ọ̀pẹ láti 1922. Ní 1988, F. O. Okafor ní Nàìjíríà tẹ ìwádìí jáde lórí fífi èésan rọ́pò òkúta wẹ́wẹ́: kọnkéré rẹ̀ fúyẹ́, kò sì lágbára tó ti òkúta, ṣùgbọ́n ó tó fún iṣẹ́ tí kò gbé ẹrù púpọ̀. Ilẹ̀ pupa tí à ń tẹ̀ yìí náà wà, tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre, láti inú barro tí àwọn Potogí ń pe amọ̀. Ní Tema, ní Gánà, CBI Ghana ti kọ́ ìléru tó ń sun amọ̀ fún sìmẹ́ǹtì, ní nǹkan bí ìwọ̀n 800 péré. Ohun tí Vicat sọ ní 1818 náà ni.

Sítẹ́ẹ̀nì mi, a ti tún un rẹ́. Sìmẹ́ǹtì inú àpò nìkan, yanrìn tí a fọ̀, àpò tútù ni a sì fi bo ara rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi ló ń bu omi sí i, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òjò àkọ́kọ́ ti wọ ibẹ̀, kò tíì jò.

Ẹ̀yin ará Kétu, Ìdáìṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹni tó bá mọ ibi tí òkìtì ìdàrọ́ àtijọ́ wà ní ìlú rẹ̀, kó sọ orúkọ ibẹ̀ fún wa àti ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ má hú u o.