Òṣùwọ̀n Ìmọ́lẹ̀ Nígbà Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá dé sí Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, eruku a bojú oòrùn. Irinṣẹ́ tí G. M. B. Dobson dá sílẹ̀ láàárín 1920 sí 1929 ń fi ìtànṣán oòrùn méjì wéra: ósóònù òkè a máa fa ọ̀kan mu ju èkejì lọ, eruku a dín méjèèjì kù fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà. Òun ni ẹgbẹ́ Farman fi rí àlàfo ósóònù Antarctica, tí wọ́n kéde ní 1985.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n pàápàá a máa yẹ̀. Ojú ọ̀run tó mọ́, tí kì í tètè yí padà, ni a fi ń tún un ṣe; ọyẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń gbé irinṣẹ́ 83, olórí wọn láti 1980, lọ sórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Irinṣẹ́ tí a kò bá fi ìran rẹ̀ wéra, a kò ní mọ̀ bóyá ọ̀run ló yí padà, tàbí òun fúnra rẹ̀.