Bí Stack Ṣe Wọ Inú Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Stack ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ ń gbà tọ́jú iṣẹ́ tí kò tíì parí: òkè nìkan ni a ti lè fi nǹkan kún un, òkè náà nìkan ni a sì ti lè mú nǹkan kúrò, tó fi jẹ́ pé, bí ẹrù inú àpò tó jìn, ohun tí a kó sí i kẹ́yìn ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń bà. Láàárín 1945 sí 1957, ó kéré tán ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ronú kàn án, ohun tó sì gbé kálukú débẹ̀ kò jọra.

Alan Turing ló ṣíwájú, nínú ìwé àbá tó kọ ní òpin 1945 fún National Physical Laboratory ní Teddington, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, nípa ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ACE. Bí ẹ̀rọ bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti lọ jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, tí ìyẹn náà sì tún rán an níṣẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí yóò padà sí? Turing ní kí ó máa ri ibẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì máa hú u jáde bí iṣẹ́ bá ti parí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwé náà fi wà láìtẹ̀ jáde.

Ní Munich, ní Jámánì, ìṣirò ló gbé Klaus Samelson àti Friedrich Bauer débẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ka 3 + 4 × 5 láti apá òsì kò gbọdọ̀ ro 3 mọ́ 4, nítorí ìsọdipúpọ̀ ló ṣíwájú ìròpọ̀; síbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé 3 náà. Àwọn méjèèjì ní kí ó kó àmì ìròpọ̀ sórí stack, kí ó kó àmì ìsọdipúpọ̀ lé e, kí ó ṣe ti òkè tí yóò di 20, kí ó tó kan ti ìsàlẹ̀ tí yóò di 23, láìsí pé ó tún ìlà náà kà. Ní 1957 wọ́n béèrè fún pátẹ́ǹtì lé e lórí, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni Charles Hamblin, onímọ̀ ọgbọ́n orí ní Sydney, ní Ọsirélíà, gbé tirẹ̀ jáde. Ọ̀nà ìkọ̀ṣirò Jan Łukasiewicz, ará Póláńdì, tó ń fi àmì ṣíwájú nọ́ńbà, ló yí padà, tí nọ́ńbà fi ń ṣíwájú àmì, tí ó sì ń dúró dè é lórí stack, tí àmì àkámọ́ kò sì wúlò mọ́. DEUCE, ẹ̀rọ tó fi ṣiṣẹ́, wá láti ìran ACE Turing.

Ní 1961 ni ilé-iṣẹ́ Burroughs ní Amẹ́ríkà kéde B5000, ẹ̀rọ tí wọ́n mọ yí stack ká. Nígbà tí wọ́n fi àmì-ẹ̀yẹ Computer Pioneer dá Bauer lọ́lá ní 1988 nítorí stack, Turing ti kú láti 1954, Samelson láti 1980, Hamblin láti 1985. Àmì-ẹ̀yẹ náà tọ́ sí Bauer, ṣùgbọ́n ìtàn tó bá fi stack ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo kò pé.